Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tó Sọnù ní Àbàtà Alákàn

Ọ̀sán gangan ni Ọdẹ́jìnmí lá àlá tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe òru. Bó ṣe sọ ọ́ fún wa lábẹ́ igi ìyeyè ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. N kò fi iyọ̀ sí i, n kò sì bu omi là á. Ẹ kàn jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó lá a, àti ẹrù tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Àgbẹ̀ àkùrọ̀ ni Ọdẹ́jìnmí, ní abúlé Etí-Irà, létí àbàtà ńlá tí à ń pè ní Àbàtà Alákàn. Nígbà òjò, ìrẹsì ló ń gbìn. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, tí oko àwọn ẹlòmíràn gbẹ bí eegun, tirẹ̀ ṣì máa ń tutù nínú, yóò sì gbin tẹ̀tẹ̀, ilá àti kókò síbẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Dókítà Fadérera, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá láti yunifásítì. Wọ́n ri òpó funfun kan tó ní ìlà dúdú lára mọ́ inú omi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa wo bí omi ṣe ń ga àti bó ṣe ń fà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ara àbàtà náà le.

Ọdẹ́jìnmí kò gbà wọ́n gbọ́. Òpó sọfiyọ̀ ni òun rí. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ibi tí òpó sọfiyọ̀ bá ti wọlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń dágbére fún olówó orí rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo abúlé lọ sọ́jà, ó wọ inú omi, ó fa òpó náà tu, ó sì tì í bọ àjà ahéré rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Dókítà fúnra rẹ̀ dé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó lórí ẹní Ọdẹ́jìnmí, ó bá a jẹ kókò sísun pẹ̀lú epo pupa, ó wá béèrè pé, "Bàbá, báwo lẹ̀yin ṣe máa ń mọ̀ pé omi fẹ́ fà?"

Láti ọjọ́ tí Ọdẹ́jìnmí ti dáyé, kò sí ọ̀mọ̀wé kan tó bi í ní ìbéèrè rí. Ó sọ fún un nípa àkèré: bí wọ́n bá ti kó ohùn wọn kúrò létí omi lọ sí àárín, kí àgbẹ̀ tètè gbin nǹkan ẹ̀ẹ̀rùn. Obìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò já ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́jìnmí gbé òpó jáde. Ó ní òun rí i nísàlẹ̀ odò ni, pé koríko ló dá a dúró.

Ni wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Wọ́n fún un ní bàtà rọ́bà dúdú tó ga dé orúnkún, wọ́n sì fi ṣe ẹni tí yóò máa ka òpó náà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi kà á, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí òpó wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn fún ẹnikẹ́ni, títí kan Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyá Ìyùnadé ọmọbìnrin wọn.

Iṣẹ́ náà sì so èso. Ní ọdún kẹta, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa. Ìrẹsì ń pọ́n lójú bí ẹni tí ibà ń ṣe. Dókítà wo àwọn páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yí àbàtà ká láti fi mọ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbà, ó ní apá gúúsù ni omi ń gbà jáde, ṣùgbọ́n òun kò rí ihò. Ọdẹ́jìnmí ló rántí pé lọ́dún tí omíyalé ṣẹlẹ̀, abúlé fúnra rẹ̀ gbẹ́ kòtò kan síbẹ̀ kí omi lè lọ, koríko ti bò ó, gbogbo èèyàn ti gbàgbé. Àgbẹ̀ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jọ wọ ẹrẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n fi àpò iyanrìn dí i. Omi dúró. Àpò ìrẹsì mọ́kànlá ni Ọdẹ́jìnmí kó lọ́dún yẹn.

Nísinsìnyí, àwọn ará ìjọba fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà náà, kí wọ́n kọ́ ọjà sórí rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ òfo ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni ìpàdé, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Dókítà yóò gbé ìwé ọdún mẹ́rin kalẹ̀, Ọdẹ́jìnmí yóò sì sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn àgbẹ̀. Nínú ìwé náà, lójú ewé kẹta, àyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà tó ṣófo. Bí wọ́n bá béèrè ńkọ́? Bí wọ́n bá ní ìwé tó lu ihò kò ṣe é gbà gbọ́ ńkọ́? Ó jẹun ọ̀sán tán. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó dùbúlẹ̀. Oorun gbé e lọ.

Bàtà ọ̀tún ló kọ́kọ́ wúkọ́.

"Bàbá, ẹ dìde," ni bàtà náà wí. "Wọ́n ń pè yín ní ọ́fíìsì."

Ọdẹ́jìnmí nu ojú. "Ọ́fíìsì wo?"

"Ọ́fíìsì Tó Ń Wọn Omi àti Nǹkan Gbogbo."

"Omi nìkan ni," ni bàtà òsì wí. Bàtà òsì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí èkejì rẹ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni ó máa ń lanu.

Kò ya Ọdẹ́jìnmí lẹ́nu. Ohun tó rò ni pé bàtà tó ti bá èèyàn rìn nínú ẹrẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ó ti tó ẹni tí ń dá sí ọ̀rọ̀ ilé. Ó kì wọ́n bọ ẹsẹ̀, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó béèrè ọ̀nà.

"Ẹ má lọ síbì kankan," ni bàtà ọ̀tún wí. "Ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀."

Òótọ́ ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló ń léfòó bọ̀ lójú àbàtà. Ó jókòó lórí ojú-oró bí adìyẹ ṣe ń jókòó lórí ẹyin, aṣọ fèrèsé rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, mẹ́séńjà kan sì dúró níwájú rẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ wà á. Ilé náà rọra fi ẹnu ọ̀nà kan etí omi, ó ní kí wọ́n má bínú pé òun pẹ́, pé afẹ́fẹ́ ni.

"Kò burú," ni Ọdẹ́jìnmí wí. Ó nu ẹsẹ̀, ó wọlé.

Àkèré kan tó wọ awò ló jókòó nídìí tábìlì àbáwọlé, òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Ọdẹ́jìnmí gba nọ́ńbà. Ó mú ẹja àrọ̀ kan láti inú dúrọ́ọ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Mélòó ni nọ́ńbà mi?" ni Ọdẹ́jìnmí béèrè.

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí," ni ẹja náà dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi lọ́rùn."

Ó gbá ẹja mọ́ àyà, ó lọ jókòó síbi tí àwọn èrò wà. Lékeléke méjì ló bá níbẹ̀, fáìlì wà lábẹ́ apá wọn. Ìtí ìrẹsì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó pọn ọmọ. Ọdẹ́jìnmí kí gbogbo wọn, ó bi àwọn lékeléke bóyá wọ́n ti pẹ́.

"A ti wà níbí láti ìgbà tí omi ti wà lókè," ni èyí àgbà wí. "A wá sọ fún wọn pé àbàtà yìí la ti ń jẹun. Wọ́n ní ká lọ mú ẹ̀dà ìyẹ́ wa wá, méjì méjì."

"Ẹ̀dà ìyẹ́?"

"Èyí tí òǹtẹ̀ bà."

Ọdẹ́jìnmí mi orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe níbi gbogbo, kí wọ́n ṣáà ní sùúrù. Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àkèré pe mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹja já bọ́ sílẹ̀, ó gba iwájú, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹni mi rèé, sà."

Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n bá nínú yàrá. Ó wọ kóòtù, ó ta táì pupa, tábìlì rẹ̀ sì wà nínú omi tó mu èèyàn dé orúnkún. Kò sí àga fún àlejò. Omi gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ṣe àga, Ọdẹ́jìnmí sì jókòó lórí rẹ̀. Ìwé Àbàtà Alákàn, tòun ti ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ló wà níwájú ọ̀gá.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ka omi inú ìwé yìí?"

"Èmi ni, sà. Mò ń kà á lára òpó, Dókítà ń kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ni ín."

"Ó dára púpọ̀. A ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀." Bó ṣe pe ìgbìmọ̀ báyìí, etí rẹ̀ méjèèjì gùn sílẹ̀. "Ìgbìmọ̀ náà yóò gbé ìgbìmọ̀ kékeré kalẹ̀." Ìwo yọ. "Wọn yóò jábọ̀ fún wa láìpẹ́." Irùngbọ̀n já wálẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó fi máa sọ pé, "Ẹ máa lọ ná, ẹ padà wá lọ́la," pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lórí tábìlì, ó ti di òbúkọ, òbúkọ tó mọ́ lára. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́, bó ti wù kó rí. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà," ó ní.

Òbúkọ fi ẹnu ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Láti ẹ̀yìn ló ti ń jẹ bọ̀ wá síwájú. Ó jẹ oṣù tó kọjá. Ọdẹ́jìnmí wo ìta láti ojú fèrèsé, ó rí i pé gbogbo ilá tó kórè lóṣù yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó tún jẹ oṣù tó ṣáájú rẹ̀, òjò oṣù náà sì ká ara rẹ̀ jọ bí ẹní, ó kó sábẹ́ apá, ó lọ.

"Òǹkà yín dùn," ni òbúkọ wí. "Ó ní iyọ̀ nínú."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ yẹn, inú rẹ̀ la ti dí kòtò. Dókítà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde kẹ́ ẹ tó gbé e mì."

Òbúkọ fi oore ọ̀fẹ́ dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọ jáde láti inú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrẹ̀ bò wọ́n, wọ́n kí Ọdẹ́jìnmí, wọ́n gba ojú fèrèsé lọ. Oúnjẹ ń bá a lọ. Ọdún kẹta tán, ọdún kejì tán, ó kù díẹ̀ kí ọdún kìn-ín-ní tán. Ló bá dé ojú ewé kẹta.

Kàkà! Eyín òbúkọ kan lu nǹkan líle.

"Kí ló wà níbí?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, sà," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

"Òfìfo kì í le tó báyìí. Mo ti jẹ òfìfo púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n." Ó tutọ́ sórí tábìlì, èkùrọ́ mẹ́ta sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n yí gbirigbiri, wọ́n là, àgbà obìnrin mẹ́ta sì jáde láti inú wọn. Aṣọ wọn tutù rin, oníkálukú ru ìkòkò omi.

"Ẹ̀yin ìyá, ta ni yín?" ni Ọdẹ́jìnmí béèrè.

"Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni mí," ni èyí àkọ́kọ́ wí. "Àwọn àbúrò mi rèé. A wá sí Àbàtà Alákàn lọ́dún àkọ́kọ́, a ru omi wa wá bí gbogbo ọ̀sẹ̀ ti ń ṣe. A dé, ojú òpó ṣófo. Kò sẹ́ni tó kà wá. Kò sì sẹ́ni tó kí wa."

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ ba Ọdẹ́jìnmí. Bàtà tó ń sọ̀rọ̀ kò bà á lẹ́rù, òbúkọ tó ta táì kò bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kí àgbà mẹ́ta wá sílé ẹni, kí wọ́n dúró pẹ̀lú ẹrù lórí fún ọdún mẹ́rin, kí onílé má sọ pé ẹ káàbọ̀! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi, tòun ti bàtà.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ìdúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

"Ó ti pẹ́ díẹ̀," ni ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní wí, "ṣùgbọ́n a gbà. Gbé wa lọ bá ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀."

Ó pọn ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan lé èjìká. Èyí tó kéré jù ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó wọ inú fìlà rẹ̀ lọ. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà jáde nítorí pé ilẹ̀kùn ti lọ jẹun ọ̀sán.

Ní ìta, nǹkan ti yí padà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló tẹríba nínú oko, wọ́n ń ro ìrẹsì, wọ́n ń gbin. Àwọn àgbẹ̀ Etí-Irà wọ kóòtù funfun, wọ́n ń fi okùn wọn ìkuukùu. Àṣàkẹ́ wà láàárín wọn, ó gbé ìkòkò lójú bí ẹni ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Bàbá Ìyùnadé, ẹ dúró sójú kan," ni Àṣàkẹ́ wí. "Mò ń wọn ìgbéraga yín."

Ọdẹ́jìnmí dúró. "Ó tó mélòó?"

"Mítà méjì àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fà sí ti ọdún tó kọjá."

"Mo dúpẹ́," ó ní. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó bi í níbi tí Dókítà wà, Àṣàkẹ́ sì nàka sókè.

Dókítà Fadérera wà lójú ọ̀run, ó ká ìró sókè, ó ń kọ ebè sórí ìkuukùu. Òpó kéékèèké funfun onílà dúdú ló ń gbìn sínú ebè náà bí ẹni gbin iṣu, àwọn míì ti ń yọ ewé. Ọdẹ́jìnmí gun àkàbà lọ bá a. Àwọn ìyá náà ń wúwo sí i ní gbogbo ìgbésẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀nà," ni Dókítà wí. "Àwọn wo lẹ kó wá yìí?"

Ọdẹ́jìnmí lanu láti ṣàlàyé. Igbe àkèré ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Dókítà mú ìwé. "Àkèré kan, ó ń ké láti àárín omi," ó kọ bẹ́ẹ̀.

Ó tún gbìyànjú. Omi ló tú jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Dókítà fi òṣùwọ̀n kàn án, ó ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá ni, ó kọ ìyẹn náà. "Ẹ rọra, Bàbá. Ẹ má kánjú. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní, a ó kọ ọ́ sílẹ̀."

Bí àkàbà ṣe ń mì nìyẹn. Òbúkọ ń gùn ún bọ̀, táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn. "A kò tíì parí oúnjẹ wa o!" ló ń kígbe.

"Ẹ sọ nǹkan kan, Bàbá," ni bàtà ọ̀tún wí. "Ẹ sọ fún un pé àwa ni bàtà ẹni tó rí òpó."

"Kò rí òpó," ni bàtà òsì wí. "Àjà ahéré ló tì í bọ̀."

"Dákẹ́ jàre!"

"Mi ò lè dákẹ́. O ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ."

Àwọn ìyá mẹ́ta wúwo bí òkúta ọlọ, ebè là sí méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ọ̀run sì ya bí aṣọ ògbólógbòó. Bó ṣe ń já bọ̀ ni ohùn rẹ̀ padà dé. "Èmi ni!" ló ń pariwo. "Èmi ni mo fà á tu! Dókítà, èmi ni!"

Ó lajú. Àṣàkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó ń fi igi lé ewúrẹ́ aládùúgbò kan jáde. Ewúrẹ́ náà ti wọ́ fìlà Ọdẹ́jìnmí bọ́ láti orí èèkàn, ó ti jẹ etí rẹ̀ kan, ó sì ń jẹnu lọ bí ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

"Kí lẹ fà tu?" ni Àṣàkẹ́ béèrè. "Ariwo yín ti kún gbogbo oko."

Ọdẹ́jìnmí wo òòrùn, ó rí i pé àkókò ti lọ. Ó gba fìlà tó ṣẹ́kù, ó fi dé orí. "Jẹ́ ká máa lọ, Àṣàkẹ́. Wàá gbọ́ níbẹ̀."

Ìpàdé kún. Àwọn ará ìjọba mẹ́rin ló wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín wọn ló ń tú ìwé náà wò ní ewé kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà Fadérera ti ṣàlàyé tán nípa omi, nípa kòtò tí wọ́n dí, nípa oúnjẹ tó ń ti ilẹ̀ tí wọ́n pè ní òfo jáde. Ọkùnrin náà gbé orí sókè.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà níbí tí kò ní nọ́ńbà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Dókítà fẹ́ dáhùn. Ọdẹ́jìnmí ti dìde.

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ jáde dáadáa. "Mo rò pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ wa ni. Mo fa òpó tu, mo fi pamọ́ sí àjà. Nígbà tí mo gbé e jáde, mo ní mo rí i nísàlẹ̀ odò. Irọ́ ni. Wọ́n fún mi ní bàtà, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́rin wá. Ọpẹ́ tí kò tọ́ sí mi ni. Èmi ló yẹ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí kì í bá ṣe àwọn ènìyàn yìí, ìrẹsì wa ì bá ti kú, à bá sì máa bá ara wa jà lórí omi. Òǹkà yòókù tó wà níbẹ̀, ojú mi ló rí i, mo sì lè búra lé e. Àwọn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn nìkan ni mo jẹ ní gbèsè."

Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Dókítà Fadérera rìn wá bá a, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, mo mọ̀," ó ní.

"O mọ̀?"

"Òpó tó bá wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èéhọ̀n aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ á bò ó. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá gbẹ fúrúfúrú, ó ń run èéfín, òwú aláǹtakùn sì wà lára rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ká wá ẹlòmíràn tí yóò máa kà á. Mo ní rárá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tó bá lè fi irú ojú yẹn ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀, òun náà ni mo fẹ́ kó máa bá wa ṣọ́ omi. Torí ìyẹn la ṣe fún yín ní bàtà."

Ọdẹ́jìnmí di ọwọ́ obìnrin náà mú, omijé ń já bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún. "Mo ti ka ìwé púpọ̀ tí kò ní ihò kankan," ó ní, "mi ò sì gbà wọ́n gbọ́. Ó dájú pé mo lè gba èyí gbọ́." Kò ṣèlérí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà dé pé orí òkè, nídìí ọ̀nà ọkọ̀, ni wọn yóò kọ́ ọjà sí, pé kí àbàtà wà bó ṣe wà.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé lọ́jọ́ náà ló wù mí jù. Bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde, Àṣàkẹ́ fa Dókítà láṣọ.

"Dókítà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ ń wá yẹn, ṣé kì í ṣe ìgbà tí Ìyùnadé ọmọ mi bí ìbejì ni?" Ó ní òun ni òun ń fọ aṣọ ìkókó lójoojúmọ́ lórí àwọn òkúta etí omi. "Mo mọ ibi tí omi dé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí nígbà náà ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Dókítà kò dúró mu omi. Wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí àbàtà, òòrùn ṣì wà lókè díẹ̀. Àṣàkẹ́ ká ìró rẹ̀, ó wọ inú omi, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá òkúta kọ̀ọ̀kan. Dókítà tẹ̀ lé e pẹ̀lú òṣùwọ̀n, aṣọ ìpàdé rẹ̀ ń wọ́ nínú ẹrẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣé ibí ni, Mà?"

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ọjọ́ yẹn, omi bo òkúta pẹrẹsẹ yìí, ó ku ìka méjì kó dé orúnkún mi. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ti lè rí ojú òkúta. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo jókòó lé e."

Dókítà ń pe nọ́ńbà. Ó ní kí wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́, kí wọ́n sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé bí Ìyá Ìyùnadé ṣe rántí rẹ̀ ni. Ọdẹ́jìnmí dúró létí omi, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ èyí àkọ́kọ́, ó kọ èkejì. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó ní kí wọ́n dákun tún un pè, torí ojú òun ṣe bàìbàì.

"Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógún, Bàbá."

"Mo ti gbọ́," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun gan-an." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.